Wọ́n Ní Kí Ọmọ Ọdún Mẹ́rin Wá Ṣèdánwò

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Canarsie, Brooklyn, tí ìsìn bá ti parí tí wọ́n ń pín jọ̀lọ́ọ̀fù lọ́wọ́, ìyá ọmọ kan á rọra fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ọmọ mi máa tó pé ọdún mẹ́rin. Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ G&T?" Wọ́n mọ̀ pé tíṣà ni mí n'Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì, pé kíláàsì kìn-ín-ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ́ jù. Wọ́n tún mọ̀ pé ọmọ ọmọ mi méjì ló ti gba ojú ọ̀nà yẹn, ẹ̀gbọ́n nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣèdánwò, àbúrò lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ìdánwò rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ju ohun téèyàn lè sọ lórí ìdúró lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

G&T ni gbogbo èèyàn ń pe ètò tí ìjọba ìlú New York là sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n gbà pé ọpọlọ wọn yá ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Ilé-ìwé ìjọba ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn tó kù náà ni wọ́n ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó máa ń yá ju tàwọn yẹn lọ, ó sì máa ń jinlẹ̀ ju tiwọn lọ. Oríṣi méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni kíláàsì kan tó wà nínú ilé-ìwé àdúgbò, tí ọmọ àdúgbò ń wọ̀. Èkejì ni ilé-ìwé márùn-ún tó ń gba ọmọ láti gbogbo ìlú, bíi Anderson àti NEST+m ní Manhattan, àti Brooklyn School of Inquiry lọ́dọ̀ wa níbí. Àyè tó wà fún àwọn ọmọ kindergarten lọ́dún jẹ́ nǹkan bí 2,500. Àwọn ọmọ tó ń wọ kindergarten ilé-ìwé ìjọba lọ́dún kan náà lé ní 50,000. Ẹ ṣírò ó fúnra yín.

Kò yà mí lẹ́nu pé òbí ń du ú. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé àwọn arúgbó, tó ń sanwó ilé, tó tún ń fowó ránṣẹ́ sílé, kò ní owó ilé-ìwé aládàáni. Tí ilé-ìwé tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà ò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ibo ló tún kù? Àwọn tó ti pẹ́ níbí á sì ti sọ fún un pé látinú G&T lọ́pọ̀ ọmọ ti ń bọ́ sí ilé-ìwé girama kékeré tó dáa, láti ibẹ̀ lọ sí ilé-ìwé girama àgbà bíi Stuyvesant tàbí Bronx Science. Nítorí náà, ọmọ ò tíì mọ bá a ṣe ń so okùn bàtà, a ti ń ṣètò yunifásítì rẹ̀.

Kó tó di 2008, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ń ṣa ọmọ bó ṣe wù ú. Joel Klein, tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá fún ilé-ìwé ìlú náà nígbà tí Bloomberg jẹ́ méyọ̀, ló ní kí gbogbo ìlú máa lo òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, kí ojúsàájú lè dópin. Láti ìgbà náà títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2020, ìdánwò ló ń sọ̀rọ̀. Òbí á forúkọ ọmọ sílẹ̀ kí ọdún tó parí. Tó bá di January tàbí February, nígbà tí òtútù ń gé etí, wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú un wá lópin ọ̀sẹ̀ sí ilé-ìwé kan tí kò dé rí. Òbí á jókòó dè é. Obìnrin kan tí ọmọ ò rí rí á jáde wá, á pe orúkọ rẹ̀ ní ìpè òyìnbó, á sì fà á lọ́wọ́ wọlé.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ṣe é, ìdánwò náà ní apá méjì. NNAT tí Jack Naglieri ṣe jẹ́ àwòrán látòkèdélẹ̀, ìbéèrè 48, kò sí pé èèyàn ń ka ọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n á fi àwòrán kan hàn tí wọ́n ti gé ibì kan kúrò lára rẹ̀, ọmọ á wá èyí tó bá ojú ihò náà mu nínú àwọn tó wà nísàlẹ̀. Tàbí kí àwòrán máa yí padà bó ṣe ń lọ, kí wọ́n bi í pé èwo ló kàn. Apá kejì, OLSAT, jẹ́ ti etí, ìbéèrè 30. Olùdánwò á ka ọ̀rọ̀ kan jáde, bíi pé: wá àwòrán apẹ̀rẹ̀ tó ní búrẹ́dì àti ọsàn méjì ṣùgbọ́n tí kò sí ẹyin níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa kà á. Tí ẹyẹ bá kọjá lójú fèrèsé lásìkò yẹn tí ọmọ gbójú wò ó, ìbéèrè yẹn ti lọ nìyẹn.

Ọmọ mi obìnrin ra ìwé ìgbáradì kan fún ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo ń bá a ṣe é lórí tábìlì ní kíṣìnnì lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, torí ìyá rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Àwòrán àwọ̀ búlúù àti yẹ́lò ló kún inú ìwé náà. Mo fi ìbéèrè kan hàn án, ó fọwọ́ lé èyí tí kì í ṣe é. Mo ní kí ló dé tó fi mú un. "It's fine, Grandma. Ó fine ju àwọn yòókù." Mo ṣí ojú ìwé kejì, ó gbà á. Ẹ̀kẹta náà, ó gbà á. Nígbà tá a dé ẹ̀kẹrin, ó gbé ìka kúrò lórí ìwé, ó wò mí lójú: "Grandma, ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?" Ohun tó ń sọ yé mi. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò mọ nǹkan ló ń béèrè nǹkan. Èwo ni ti pé àgbà mọ èsì tán, ó tún wá ń bi ọmọdé? Èmi tí mo ti fi ṣọ́ọ̀kì lo ọjọ́ ayé mi, ìbéèrè yẹn nìkan tó kí n gbà á sí kíláàsì. Àmọ́ kò sí àyè fún ìyẹn nínú ìdánwò wọn.

Èsì dé nígbà tí kòrónà ti sé gbogbo wa mọ́lé. Ó gba 91. Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí nọ́ńbà yìí, torí ó ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ òbí lójú. Bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fi ìbínú sọ fún mi pé ọmọ òun gba 88, wọ́n ní kò tó. "Màmá, ilé-ìwé wo láyé ni 88 kì í ti í ṣe A?" Kì í ṣe máàkì nínú ọgọ́rùn-ún ni 88 yẹn o. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ká ní wọ́n to ọgọ́rùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, á borí bí 88 nínú wọn. Àwọn tí wọ́n fi ń wé e kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́rin èyíkéyìí, àwọn tí ọjọ́ orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu ni, láàárín oṣù mẹ́ta síra wọn, kí ọmọ tí wọ́n bí ní December má baà máa bá ti January jìjàkadì. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Nígbà náà, ẹni tó bá gba 90 sókè lè béèrè àyè ní kíláàsì àdúgbò. Ẹni tó bá gba 97 lè béèrè àyè ní ilé-ìwé márùn-ún yẹn, àmọ́ 99 ló máa ń wọlé níbẹ̀. "Ó tọ́ sí ọ" kì í sì í ṣe "a fún ọ." Ọ̀rọ̀ tiwa rí bẹ́ẹ̀. 91 tọ́ sí kíláàsì, kíláàsì tó sún mọ́ wa ti kún. Ẹ̀gbọ́n wọ ilé-ìwé àdúgbò.

Nọ́ńbà náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ní 2013, àṣìṣe wọ inú bí wọ́n ṣe ṣírò máàkì. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ó lé ní 2,600 ọmọ tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún pé wọn ò yege, tó jẹ́ pé wọ́n yege. Ẹ ronú àwọn ìyá tó ti fi ọ̀sẹ̀ kan bá ọmọ wọn wí.

Ohun tó dùn mí jù ni ibi tí àwọn tó ń yege ti ń wá. Àwọn òbí kan ní Manhattan ń gba olùkọ́ àdáni fún ọmọ ọdún mẹ́ta. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn àdúgbò kan ní Bronx, àti Bedford-Stuyvesant pẹ̀lú Brownsville ní Brooklyn, lo ọ̀pọ̀ ọdún láìní kíláàsì G&T kan ṣoṣo, torí ọmọ tó yege níbẹ̀ kò pé kíláàsì kan. Ṣé ọpọlọ àwọn ọmọ Brownsville ló kéré ni? Ẹni tó bá ti dúró níwájú kíláàsì rí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ló kéré. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, ìgbà tí fọ́ọ̀mù ti parí ló ń gbọ́ pé fọ́ọ̀mù wà. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí Klein gbé kalẹ̀ láti fi lé ojúsàájú lọ wá di òṣùwọ̀n ẹni tó tètè gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Kì í ṣe torí àwọn ọlọ́pọlọ pípé ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò yìí. Ní Paris, ní 1905, Alfred Binet àti Théodore Simon ṣe tiwọn láti mọ àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń ṣòro fún, kí wọ́n lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Lewis Terman ní Yunifásítì Stanford ló tún un ṣe ní 1916, ó sì yí ojú rẹ̀ sí àwọn tó wà lókè. Ní New York níbí, Leta Hollingworth, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, kó àwọn ọmọ tó gba máàkì gíga jọ sí kíláàsì ọ̀tọ̀ ní 1922 ní P.S. 165 ní Manhattan. Ohun tí wọ́n ṣe láti wá ẹni tó nílò ìrànwọ́ ló di ohun tí wọ́n fi ń wá ẹni tó ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀.

Tiwa náà nílé ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ láyé ìgbà tí mo wọ ilé-ìwé. Ọ̀gá ilé-ìwé á ní kó o na ọwọ́ ọ̀tún kọjá ní àárín orí kó o fi kan etí òsì. Tí ọwọ́ bá kan etí, o ti tó lọ sílé-ìwé. Tí kò bá kàn án, padà sílé títí di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ tí apá rẹ̀ gùn ló jàǹfààní. Mo ti fi òṣùwọ̀n yẹn rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo jókòó nínú ilé-ìwé tó tutù yẹn tí mò ń dúró de ẹ̀gbọ́n, mo bi ara mi pé kí ni wọ́n ń wọ̀n lọ́hùn-ún gan-an.

Ní January 2021, ìgbìmọ̀ tó ń bojú tó ilé-ìwé ìlú náà dìbò, èèyàn mẹ́jọ sí méje, pé àwọn ò ní fọwọ́ sí owó ìdánwò mọ́. Bó ṣe parí nìyẹn. Bill de Blasio, tó jẹ́ méyọ̀ nígbà náà, ní kí ètò náà gan-an kásẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ Eric Adams gorí àlééfà ní 2022, ó ní rárá, ó sì fi àyè 100 kún ti kindergarten àti 1,000 kún ti kíláàsì kẹta. Ìdánwò ò padà wá. Olùkọ́ pre-K, ìyẹn kíláàsì tó ṣáájú kindergarten, ló ń dárúkọ ọmọ tó yẹ báyìí. Ọmọ tí kò bá sí ní pre-K ìjọba, òṣìṣẹ́ ilé-ìwé ìlú ló máa bá a sọ̀rọ̀.

Ibí yìí ni kí ẹ̀yin òbí Yorùbá fetí sí mi. Ohun tí wọ́n ní kí olùkọ́ máa wò lára ọmọ ni pé ó máa ń fẹ́ mọ ìdí nǹkan, ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀, ó máa ń sọ ohun tó rí, ó máa ń ṣí ìwé wò fúnra rẹ̀, ó máa ń tú nǹkan palẹ̀ láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá wo bá a ṣe tọ́ ọmọ tiwa. Tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, má dá sí i. Má wo àgbà lójú. Tí wọn ò bá bi ọ́, dákẹ́. Ẹ̀kọ́ ilé gidi ni, èmi náà ni mo fi kọ́ ìyá wọn. Ṣùgbọ́n tíṣà tó ní ọmọ ọdún mẹ́rin tó pọ̀ níwájú rẹ̀, èyí tí ń béèrè ló máa rántí.

Nígbà tí ìyá wọn lọ rí tíṣà àbúrò ní pre-K, tíṣà yin ọmọ náà: kò ní wàhálà, ó jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́, ó ń gbọ́ràn. Inú ìyá rẹ̀ dùn dé ilé. Inú tèmi ò dùn. Ọmọ tí tíṣà ń pè ní ọmọ jẹ́jẹ́ yìí, nílé, ó mọ nọ́ńbà gbogbo bọ́ọ̀sì tó ń dúró ní Rockaway Parkway. Ó fẹ́ mọ ìdí tí B82 fi ń rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tó sì jẹ́ pé B42 kò ju kó dé etí omi kó yí padà. Ó ní ṣé ẹsẹ̀ ló ń dun B42 ni. Ó fi ṣíbí tò wọ́n sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n jókòó sí ibùdókọ̀. Kò sí ìkankan nínú èyí tí tíṣà rí. Mo ní kí ìyá rẹ̀ padà lọ, kó má fọ́nnu pé ọmọ òun gbọ́n, ìyá wo ni kò sọ bẹ́ẹ̀? Kó ṣáà sọ ti bọ́ọ̀sì fún un. Ó lọ. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, ọmọ sì la ẹnu. Kò pẹ́, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀.

Àmọ́ àwọn tí olùkọ́ dárúkọ pọ̀ ju àyè lọ, kèké ló ń yanjú rẹ̀. Nínú MySchools, ibi tí òbí ti ń kọ orúkọ ilé-ìwé tó fẹ́ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà gígùn kan tí lẹ́tà dà pọ̀ mọ́ ọn. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo ló dára jù, ó ń burú sí i títí dé 9, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí lẹ́tà a, títí dé f tó gbẹ̀yìn. Ti àbúrò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú d. A ò tíì ka lẹ́tà èsì tí mo ti mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ló wá yà wá lẹ́nu. Ọ̀nà ti kíláàsì kẹta ò ní ìdánwò náà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ọmọ tó ń ṣe dáadáa jù ní kíláàsì kejì nílé-ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè, máàkì iṣẹ́ kíláàsì wọn ni wọ́n ń wò. Lẹ́tà dé ní 2023 pé kó wá. Ọmọ kan náà tí 91 rẹ̀ ò rí àyè ní ọmọ ọdún mẹ́rin, òun ló wà lókè ní ọmọ ọdún méje. Ó wà níbẹ̀ báyìí. Ìṣirò wọn dùn mọ́ ọn, oúnjẹ wọn ò dùn mọ́ ọn.

Gẹ́gẹ́ bíi tíṣà, ọ̀nà kejì yìí ló wù mí. Ọmọ ọdún méje ti kọ ìwé, ó ti ka ìwé, tíṣà ti mọ̀ ọ́n lódindi ọdún. Ọmọ Canarsie sì ń bá ọmọ Canarsie díje, kì í bá ẹni tó ti ní olùkọ́ àdáni láti ọmọ ọdún mẹ́ta díje. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó sun oorun dáadáa lánàá yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí kò sùn, kí ni wọ́n fẹ́ rí gan-an lára rẹ̀ láàárọ̀ kan?

Nígbà tí Zohran Mamdani ń polongo ìbò láti di méyọ̀ ní October 2025, ó ní òun máa fòpin sí ti kindergarten díẹ̀díẹ̀, kí ó di ti kíláàsì kẹta. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó wọlé ìbò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àríyànjiyàn ò tán lórí rẹ̀. Mo sọ èrò mi, pé kí wọ́n fi àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀, kí wọ́n fi owó náà gba tíṣà kún tíṣà ní pre-K, kí ẹni tó ń wo ọmọ lè rí ọmọ. Bàbá ọlọ́mọ 88 ọjọ́sí dìde. "Màmá, tí wọ́n bá tilẹ̀kùn yẹn, olówó á kó ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé aládàáni. Àwa ńkọ́?" Mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Ó ní ọmọ kejì tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tó wà ní pre-K lọ́wọ́lọ́wọ́. Mo bi í bóyá ó ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú MySchools. Ó ní òun rò pé ilé-ìwé ló ń ṣe é.